Iná Aláwọ̀ Ewé Tó Ń Purọ́

Remla, Kerkennah
3 Oṣù Keje

Emna ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé òtútù ìlú Jámánì ti fi ọ́ sílẹ̀ báyìí, àbí ẹ̀wù òtútù lo ṣì ń wọ̀ nínú oṣù Keje? Sadok aládùúgbò wa ní kí n kí ọ. Ìyá rẹ náà kí ọ títí, ó ní kí o máa jẹun dáadáa. Irọ́ ni mo pa, kò mọ̀ pé mò ń kọ lẹ́tà rárá. Ilé kafé létí èbúté ni mo jókòó sí tí mo ti ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù. Bí mo bá pè ọ́ nílé, gbogbo rẹ̀ ni yóò gbọ́, mi ò sì fẹ́ kó gbọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó ń fún un ní ọ́síjìn ni. O mọ̀ pé láti ìgbà tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti bàjẹ́, ẹ̀rọ yẹn ló fi ń mí tọ̀sán tòru. Láti ìgbà tí ooru ti mú, iná ń lọ ṣáá. Lánàá, iná lọ, ó sì dé, mo tan ẹ̀rọ, iná aláwọ̀ ewé yọ níwájú rẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ nínú rọ́bà imú. Mo rò pé ó ti parí. Mo lọ po tíì. Nígbà tí mo padà dé, èékánná ìyá rẹ ti dúdú bíi ti ẹni tó ki ọwọ́ bọ aró, ètè rẹ̀ náà bẹ́ẹ̀, kò sì lè pe orúkọ mi já. Iná aláwọ̀ ewé ṣì ń tàn ní tirẹ̀. Ẹ̀rọ ò dún, kò kígbe. Mo yọ rọ́bà lára ẹ̀rọ, mo so ó mọ́ igò ọ́síjìn tí a fi pa mọ́, ló bá ń sọjí díẹ̀díẹ̀.

Orúkọ ilé iṣẹ́ yín ló wà lára ẹ̀rọ náà, ìwọ lo sì ní ká gba irú rẹ̀. Bá mi bi àwọn èèyàn rẹ: irú iná wo ló ń sọ pé kò séwu nígbà tí ìyàwó mi ń kú lọ?

Èmi bàbá rẹ,
Taoufik.


Nuremberg
5 Oṣù Keje

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìdààmú, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Inú ọkọ̀ ojú irin ni mo ti ka lẹ́tà yín, mo sì gbàgbé láti sọ̀ kalẹ̀ níbi tó yẹ kí n ti sọ̀. Alihamudulilahi pé igò wà nítòsí.

Mo ti bi àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà níbi iṣẹ́ wa. Wọ́n ní kò sí ilé kankan tó tíì mú irú ẹjọ́ yìí wá. Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o, ṣé kì í ṣe pé Màmá fi ìrọ̀rí tẹ rọ́bà imú mọ́lẹ̀? Ṣé ẹ ń fọ asẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ bí mo ṣe fi hàn yín? Ẹ mọ̀ pé ẹ máa ń kánjú. Ẹ̀rọ yẹn kì í ṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi tí ẹ máa ń lù kó tó ṣiṣẹ́.

Ẹ rántí pé iṣẹ́ mi nìyí. Èmi náà wà lára àwọn tó ń tọ́jú ètò tó ń darí ẹ̀rọ yẹn. Mo ti tan irú rẹ̀ lórí tábìlì mi, mo pa á, mo tún un tan títí ó fi sú mi, kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Kí ọkàn mi lè balẹ̀, ẹ kọ ọ́ sí mi, ohun tí ẹ ń ṣe nígbà tí iná bá lọ, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ má sọ fún Màmá pé mo bi yín.

Ọmọ yín,
Emna.


Remla
9 Oṣù Keje

Emna,

Mo kí ọ, àmọ́ inú mi ò dùn sí ọ.

Ìrọ̀rí ò tẹ rọ́bà. Asẹ́ náà mọ́ ju abọ́ tí o fi ń jẹun lọ. Wọn ò tíì bí ọ nígbà tí mo ti ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó ń kó èèyàn lọ sí Sfax lódìkejì òkun, kò sì sẹ́ni tó bómi lọ lọ́wọ́ mi. Ọmọ tí mo gbé jókòó lórí ẹsẹ̀ mi ló wá ń bi mí bóyá mo mọ asẹ́ fọ̀. Ó dáa náà, mo ti gbọ́.

O ní kí n ṣàlàyé. Ohun tí gbogbo ilé ń ṣe ní erékùṣù Kerkennah yìí ni mò ń ṣe, ohun tí ìwọ náà ń ṣe kí o tó gbàgbé ilé. Bí iná bá lọ, gbogbo nǹkan la máa ń pa, nítorí ṣe ni iná tó bá ń padà bọ̀ máa ń ya wọlé bíi wèrè. Sadok ò pa fíríìjì tiẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ṣe ló jó, tí gbogbo ẹja inú rẹ̀ sì rà. Nítorí náà, bí iná bá ti lọ, màá gbé ìyá rẹ sórí igò, màá pa súìṣì ńlá tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ, a ó sì dúró kí iná dé, kó balẹ̀, kí n tó tún un tan. Kí ló burú níbẹ̀?

Ó tún ṣe é lánàá. Iná aláwọ̀ ewé, kò sì sí ọ́síjìn. Mi ò wo iná yẹn mọ́, èékánná ìyá rẹ ni mò ń wò. Mo jókòó tì í, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó bi mí pé kí ló dé tí mò ń ṣe bí ọkọ ìyàwó tuntun. Mo ní ìfẹ́ ni. Ó ní òpùrọ́ ni mí.

Taoufik.


Nuremberg
10 Oṣù Keje

Bàbá mi,

Ẹ foríjì mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Bí mo ṣe ka lẹ́tà yín tán báyìí ni mo lọ sídìí ẹ̀rọ tó wà níbi iṣẹ́, mo sì pa súìṣì ẹ̀yìn rẹ̀. Bàbá, eruku wà lórí súìṣì yẹn. Kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án níbí. Iná kì í lọ. Tí a bá fẹ́ dán ẹ̀rọ wò, bọ́tìnì iwájú la máa ń tẹ̀, bátìrì inú rẹ̀ á sì máa gbé àwọn nǹkan kéékèèké inú rẹ̀ dúró. Súìṣì ẹ̀yìn ń gé bátìrì yẹn náà. Mo pa á, mo jẹ́ kó tutù pátápátá, mo tan án. Iná aláwọ̀ ewé yọ. Mo wá wọn afẹ́fẹ́ tó ń jáde lẹ́nu rọ́bà. Afẹ́fẹ́ lásán ni, irú èyí tó wà nínú yàrá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Kọ̀ǹpútà kékeré kan wà nínú ẹ̀rọ náà. Olórí ètò inú rẹ̀, kẹ́nẹ́ẹ̀lì la ń pè é, ló ń jí àwọn abala yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan tí iná bá dé. Abala kan wà tó ń wọn ọ́síjìn. Ẹ jẹ́ ká pè é ní oníwọ̀n. Òmíràn ló ń darí ẹ̀rọ tó ń ṣe ọ́síjìn, òun ló sì ń tan iná iwájú. Ẹ jẹ́ ká pè é ní olùdarí. Olùdarí gbọ́dọ̀ bi oníwọ̀n léèrè kó tó sọ pé ohun gbogbo dára. Àmọ́ kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ètò náà pé oníwọ̀n ni kó kọ́kọ́ jí. Tí bátìrì bá wà, oníwọ̀n kì í sùn, kò sì séwu. Tí gbogbo rẹ̀ bá tutù, olùdarí á jí ṣáájú, á bèèrè, kò ní rí ẹni dá a lóhùn. Á wá mú iye kan tí àwọn tó kọ ọ́ fi síbẹ̀ kí iṣẹ́ lè máa lọ nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́ lọ́wọ́. Iye yẹn ń sọ pé kò séwu. Kò sì ní padà bèèrè mọ́ láé.

Nítorí Ọlọ́run, ẹ ṣe èyí. Ẹ ṣì máa pa súìṣì ẹ̀yìn o, mi ò fẹ́ kí iná jó ẹ̀rọ náà. Tí ẹ bá tan án padà, ẹ fi Màmá sílẹ̀ lórí igò, kí ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀ kí oníwọ̀n lè jí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi bọ́tìnì iwájú pa á, kí ẹ sì tún fi bọ́tìnì yẹn tan án. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó gbé rọ́bà rẹ̀ fún un. Bí mo ṣe tò ó yìí ni kí ẹ ṣe é, ẹ má yí i po.

Mo ti sọ fún Brandl, ọ̀gá mi. Ó ní kí n tún pa á, kí n tún tan án lójú òun. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti ń fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ilé tó ní irú rẹ̀. Ẹ fèsì tí ẹ bá ti rí èyí.

Emna.


Nuremberg
15 Oṣù Keje

Bàbá mi,

Kí ló dé tí ẹ ò fèsì? Fóònù yín ò wọlé, ti Màmá náà ò wọlé. Mo pe ọmọ Sadok ní Sfax, ó ní afẹ́fẹ́ ń jà lórí òkun àti pé ọkọ̀ ò lọ sí erékùṣù. Ṣé lẹ́tà mi dé ọ̀dọ̀ yín? Ṣé ẹ ti kà nípa bọ́tìnì iwájú? Mi ò lè jẹun. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ẹ kàn kọ pé "ó wà", ó ti tó.

Emna.


Remla
19 Oṣù Keje

Emna,

Ó wà. Mo fi ìyẹn ṣáájú kí o lè mí.

Lẹ́tà rẹ wọlé kí iná tó lọ, Ọlọ́run ló ṣe é. Lẹ́yìn ìyẹn ni afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀, iná lọ, òpó fóònù sì kú pẹ̀lú rẹ̀. Mo ṣe bí o ṣe wí. Mo tan án lẹ́yìn, mo dúró, mo tẹ iwájú. Àmọ́ iná ò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Bí mo bá ti fẹ́ tẹ iwájú báyìí, iná á tún lọ, n ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, gbogbo àsìkò yẹn orí igò ni ìyá rẹ wà. Igò wa tán pátá. Mabrouka, nọ́ọ̀sì, bá wa mú ọ̀kan wá láti ilé ìwòsàn kékeré ibí, ó ní ìyẹn ló kù, kò sì sí òmíràn títí ọkọ̀ yóò fi rìn.

Ìyá rẹ ń bi mí pé kí ni mò ń ṣe lẹ́yìn ẹ̀rọ òun bí olè. Mo ní eruku ni mò ń nù. Ó kàn ń wò mí.

Emna, ìgbì tó ga ju ilé lọ ti bá mi lórí òkun, ẹ̀rù ò bà mí tó báyìí. Lórí ọkọ̀, mo mọ ohun tó ń bọ̀. Èyí ń tan iná sí mi lójú pé kò sí nǹkan kan. Yálà kí o tún un ṣe, tàbí kí o wá sílé. O ti pẹ́ jù níbẹ̀ náà jàre. Àwọn ọmọ ẹlòmíràn ń wálé lọ́dọọdún.

Bàbá rẹ.


Nuremberg
21 Oṣù Keje

Bàbá mi,

Nígbà tí mo rí "ó wà" yẹn, mo bú sẹ́kún lójú gbogbo wọn níbi iṣẹ́.

Ẹ ní kí n wá sílé. Mo ti di àpò mi, mo sì tún ti tú u. Tí mo bá wà nílé, èékánná Màmá náà ni èmi pẹ̀lú yín á jọ máa wò. Ibí ni mo ti lè tún un ṣe. Ẹ má rò pé mi ò fẹ́ yín.

Èmi àti Brandl ti jà. Ó ní kí n kàn jẹ́ kí olùdarí sùn díẹ̀ kó tó bèèrè, kí á lè fi ètò náà ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn nínú iṣẹ́ wa: tí abala kan bá yá ju èkejì lọ, wọ́n á ní kó sùn, wọ́n á sì lọ sílé. Mo ṣe é bó ṣe wí. Ó ṣiṣẹ́ lójú rẹ̀, ó pàtẹ́wọ́. Mo wá dín agbára iná kù títí tó fi rí bí iná ṣe máa ń rí ní Kerkennah tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Oníwọ̀n ò jí bọ̀rọ̀. Olùdarí sùn, ó sùn tán, ó jí, ó bèèrè, kò rí ẹni dá a lóhùn. Iná aláwọ̀ ewé. Mo yí ẹ̀rọ náà kọjú sí Brandl, mo ní, "Ọ̀gá, ẹ fi imú yín sí i." Kò pàtẹ́wọ́ mọ́.

Ohun tó yẹ ni pé kí olùdarí má sùn, kó má sì méfò. Kó sọ fún kẹ́nẹ́ẹ̀lì pé, "Ẹni tí mo gbẹ́kẹ̀ lé kò tíì jí, ẹ fi mí sílẹ̀ ná, ẹ padà wá pè mí." Kẹ́nẹ́ẹ̀lì á lọ jí àwọn yòókù, á sì padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ní gbogbo àkókò yẹn, iná pupa ni kó máa tàn, kí aago ìkìlọ̀ sì máa ké. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo tan án, iná pupa yọ, aago ké, inú mi dùn. Mo dúró. Kò kúrò lórí pupa. Mo dúró títí. Àṣé olùdarí yìí kan náà ló ń fún oníwọ̀n ní iná tó fi ń jí! Olùdarí ń dúró de oníwọ̀n, oníwọ̀n ń dúró de olùdarí, kò sẹ́ni tó máa dìde láé. Ká ní mo ti fi ìyẹn ránṣẹ́ sí yín ńkọ́?

Mo ti yọ iṣẹ́ fífún oníwọ̀n níná kúrò lọ́wọ́ olùdarí, mo fi ṣe abala tirẹ̀ lọ́tọ̀, tí kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Àwọn mìíràn ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́wọ́. Anouar, oníṣẹ́ ẹ̀rọ wa ní Sfax, ni yóò gbé e wá fún yín lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá rìn.

Ẹ fún mi láyè díẹ̀ sí i. Mo bẹ̀ yín.

Emna.


Remla
28 Oṣù Keje

Emna,

Anouar ti wá. Ọmọ dáadáa ni, ó jẹ ẹja tí mo sè, ó sì yìn ín. Ó fi ètò tuntun rẹ sínú ẹ̀rọ, ó tẹ bọ́tìnì iwájú, ó tàn, ó fẹ́ ọ́síjìn. Ó ní ìyẹn ò tíì fi nǹkan kan hàn, àfi ká pa á lẹ́yìn kó tutù, ká tan án. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ọkọ̀ fun fèrè. Afẹ́fẹ́ tún ń bọ̀, ọkọ̀ ìkẹyìn sì ni. Ó ní, "Bàbá, ẹ dán an wò fúnra yín," ló bá sáré lọ. Kò gbé igò wá, ó ní ọkọ̀ tó ń bọ̀ ni yóò gbé e.

Mi ò tíì dán an wò. Mo dé ìdí rẹ̀ láàárọ̀ yìí, mo nawọ́, ọwọ́ mi kọ̀, mo padà. Bí iná bá lọ, iná ló lọ, Ọlọ́run ló mọ̀. Àmọ́ kí iná wà, kí ìyàwó mi máa mí, kí èmi wá fi ọwọ́ ara mi pa á? Iná ò sì lọ mọ́ láti ìgbà tí Anouar ti lọ. Mi ò gbàdúrà kó lọ, mi ò sì lè sùn nítorí pé kò lọ.

Sọ òótọ́ fún mi, má fi ti ọ̀gá rẹ ṣe. Ṣé ó dá ọ lójú?

Taoufik.


Nuremberg
29 Oṣù Keje

Bàbá mi,

Òótọ́ lẹ bèèrè. Ó dá mi lójú lórí tábìlì mi. Mo ti pa á lẹ́yìn, mo ti tan án, pẹ̀lú iná tó dáa àti iná tí kò dáa, kò tàn mí jẹ mọ́. Àmọ́ tábìlì mi kọ́ ni Màmá wà. Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá. Bí mo bá sọ fún yín pé ẹ̀rù ò bà mí, mo ti dà bí iná aláwọ̀ ewé yẹn nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ dán an wò. Ẹ ṣe é lójú ọ̀sán, kí Mabrouka jókòó tì yín, kí igò wà lọ́wọ́ yín. Ẹ máa rí iná pupa, ẹ máa gbọ́ aago. Ẹ má sá, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn ni aláwọ̀ ewé. Tí kò bá kúrò lórí pupa, ẹ gbé Màmá sórí igò kí ẹ sì pè mí. Tí àṣìṣe bá ṣì wà níbẹ̀, ó sàn ká mọ̀ nígbà tí nǹkan ṣì wà nínú igò ju ìgbà tó bá ti tán lọ.

Fóònù mi wà lọ́wọ́ mi. Mi ò ní gbé e sílẹ̀.

Emna.


Remla
31 Oṣù Keje

Emna ọmọ mi,

Mo ka lẹ́tà rẹ, mo pe Mabrouka, ó wá lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. A gbé igò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Mabrouka fi ohun kékeré tó ń wọn ọ́síjìn ara sí ìka ìyá rẹ. Ìyá rẹ ò bèèrè nǹkan kan. Mo lọ sẹ́yìn ẹ̀rọ, mo sọ pé Bísímílà, mo nawọ́. Ọwọ́ mi tún kọ̀. Mo dúró síbẹ̀ bí òpó.

Ìyá rẹ bá ní, "Taoufik, yẹra."

Mo ní, "Neziha, sinmi, eruku ni mo fẹ́ nù."

Ó ní, "Eruku wo? Mo gbọ́ gbogbo ohun tí Anouar sọ. Ẹ̀dọ̀fóró ló ń dùn mí, kì í ṣe etí." Kí n tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti yí ara rẹ̀, ó ti na ọwọ́ kọjá mi, ó sì ti pa á. Gbogbo ẹ̀rọ dákẹ́. Mabrouka fẹ́ gbé igò fún un, ìyá rẹ ní kó dúró ná. Ó jẹ́ kó tutù. Ó ń mí bí ẹni tó gun òkè, ojú rẹ̀ sì wà lára mi. Nígbà tó tó, òun náà ló tan án.

Iná pupa yọ. Aago ké, Emna, o ò gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ rí, ológbò Sadok sá gba ojú fèrèsé lọ. Pupa, pupa, pupa. Mo ti di ẹnu igò mú. Mo ní mi ò lè dúró mọ́, ìyá rẹ di apá mi mú, kò jẹ́ kí n lọ. Lójijì, aago dákẹ́. Aláwọ̀ ewé yọ. Mi ò gbà á gbọ́, mo ní kí Mabrouka wo ìka rẹ̀. Iye tó wà níbẹ̀ ń gòkè. Ètè rẹ̀ padà sí bó ṣe ń rí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé, kò sì tì mí lójú.

Ó ti gba fóònù lọ́wọ́ mi báyìí, ó ní òun fẹ́ kọ tòun.

Emna, èmi ìyá rẹ ni. O ṣeun. Ọlọ́run á fún ọ ní ìbàlẹ̀ ọkàn. Àmọ́ inú ń bí mi sí ọ, inú sì ń bí mi sí bàbá rẹ. Láti ìgbà tí ooru ti mú ni èmi náà ti mọ̀ pé mò ń kú lábẹ́ iná yẹn, mi ò sọ fún un kó má baà kú ṣáájú mi. Òun ń bẹ̀rù létí èbúté, ìwọ ń bẹ̀rù ní Jámánì, èmi ń bẹ̀rù lórí ibùsùn. Ẹ ì bá jẹ́ ká jọ bẹ̀rù pọ̀.

Ìyá rẹ,
Neziha.